Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Olùdarí Ìpolongo Ìbò: Òkèlè Kì Í Ṣe Káàdì Ẹgbẹ́

Sí àwọn alága ẹgbẹ́ òṣèlú àti àwọn olùdarí ìpolongo ìbò jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa,

Ẹ kú ìpàdé, ẹ kú àìsùn, ẹ kú owó níná. Bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé báyìí, irú fọ́tò kan wà tí ojú wa ti mọ̀ tipẹ́. Olùdíje jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní búkà, ó ká apá agbádá rẹ̀ sókè, òkèlè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èèyàn bíi mẹ́wàá dúró tì í, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹun. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ẹ ti kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé ọmọ wa ni, oúnjẹ wa ló ń jẹ. Ohun tó mú mi kọ̀wé sí yín nìyẹn.

Ó jọ pé ẹ gbà pé oúnjẹ tí èèyàn fẹ́ràn àti ẹgbẹ́ tó ń dìbò fún jẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Nílẹ̀ wa níbí, wọn kì í ṣe ìbátan. Ibi tí wọ́n ti tọ́ èèyàn dàgbà àti iye tó wà lápò rẹ̀ ló ń sọ ohun tí yóò jẹ lálẹ́. Ẹgbẹ́ kò bá a dá sí i. Ibi tí ẹgbẹ́ ti ń dá sí i ni ẹni tí oúnjẹ máa kàn àti ẹni tí yóò máa wo ẹlòmíràn lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látìgbà àwọn àgbà. Ní àwọn ọdún 1950, igi ọ̀pẹ ni àmì ẹgbẹ́ Action Group, àkùkọ adìẹ sì ni ti NCNC. Ẹ wò ó, àwọn àmì méjèèjì ló ń wọ ìkòkò ọbẹ̀. Síbẹ̀ mi ò tíì pàdé àgbàlagbà kan tó sọ fún mi pé Ọlọ́pẹ kan kọ ẹran adìẹ nítorí òṣèlú, tàbí pé ọmọ NCNC kan se ọbẹ̀ láìfi epo pupa sí i. NCNC ló lẹ́nu nílé Ìjẹ̀ṣà nígbà náà, Èkìtì sì pọ̀ lẹ́yìn Action Group. Iyán ni wọ́n ń gún níbi méjèèjì. Ká ní oúnjẹ ní í yan ẹgbẹ́ fún èèyàn, Iléṣà àti Adó ì bá má jiyàn láéláé. Ní Ìbàdàn ńkọ́? Adégòkè Adélabú àti ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́ rẹ̀ bá NCNC ṣe, àwọn Ọlọ́pẹ sì wà ní agboolé tó kángun sí tiwọn, ọkà àti gbẹ̀gìrì kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ. Nígbà tí ìjà wẹ́tíẹ̀ dé lọ́dún 1965, tí wọ́n ń da bẹntiróòlù sára ilé àti sára èèyàn, ẹni tó ń da epo àti ẹni tí wọ́n ń da epo lé lórí, oúnjẹ kan náà ni wọ́n jẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Bó ṣe rí náà ló wà títí di òní. Níbi ìbò Ààrẹ ọdún 2023, APC ló mú ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, PDP ló mú Ọ̀ṣun, Labour Party ló mú Èkó. Ẹ gbéra láti Ìbàdàn lọ sí Ìwó, kí ẹ wá fi ibi tí àmàlà ti yí padà hàn mí. Ohun tó ń yí oúnjẹ padà nílẹ̀ wa ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ewùrà ń ṣe dáadáa nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni wọ́n ṣe ń jẹ ìkọ́kọrẹ́. Òkè-Ògùn ń gbẹ iṣu, ni èlùbọ́ ṣe ń ti Ṣakí àti Kíṣì wọ ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn. Ẹ̀gbá ń ro láfún, Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ ń jẹ púpurú. Kò sí alága wọ́ọ̀dù tó lè fi ìyẹn kún iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní Bàbá Lámídì Adédibú, àgbà òṣèlú Ìbàdàn, ńkọ́? Òótọ́ ni pé kò sí bí a ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti òṣèlú tí a ò ní yà nílé rẹ̀ ní Mọlété, Ìbàdàn. Bàbá náà ti wà nínú òṣèlú láti àwọn ọdún 1950, nígbà tí ìjọba alágbádá sì padà dé lọ́dún 1999, ilé rẹ̀ di ibi tí olówó àti tálákà ń gbà kọjá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ro ọkà níbẹ̀, tí ẹni tó bá dé ń jẹ. Àwọn oníwèé ìròyìn wá ń pe irú òṣèlú bẹ́ẹ̀ ní òṣèlú àmàlà, wọ́n sì ń sọ ọ́ bí ẹni ń búni.

Èmi ò bá wọn bú u nítorí pé ó fún èèyàn lóúnjẹ. Ilé ọlọ́lá ní í gba àlejò, ìkòkò ilé bẹ́ẹ̀ kì í sì í kéré. A bá a bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn baba wa. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé àwọn tó ń ka ìbò bẹ̀rẹ̀ sí í ka abọ́ mọ́ ọn. Wọ́n rò pé gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan gbẹ̀gìrì ní Mọlété ti di ti PDP tọkàntọkàn. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó wá síbẹ̀ lè máa wá iṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀, ó lè máa wá ẹni tó máa bá a dá sí ẹjọ́ ilẹ̀, ebi sì lè máa pa á ni. Nígbà tí Bàbá àti Gómìnà Ràṣídì Ládọjà jà, tí àwọn aṣòfin kan yọ gómìnà nípò ní Oṣù Kìíní 2006, tí ilé ẹjọ́ dá a padà kí ọdún náà tó parí, àmàlà kọ́ ló pe ìpàdé, àmàlà kọ́ ló sì dá ẹjọ́ náà. Bàbá kú ní Oṣù Kẹfà 2008. Ní 2011, ẹgbẹ́ ACN gba ìpínlẹ̀ náà lọ́wọ́ PDP. Àwọn ará Ìbàdàn ò yé jẹ àmàlà lọ́jọ́ kan ṣoṣo nítorí ìyẹn.

Ti Èkìtì tún yéni ju èyí lọ, nítorí iye ìbò wà nílẹ̀. Ní 21 Oṣù Kẹfà 2014, Ayọ̀délé Fáyóṣé ní ìbò 203,090, Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí tó wà lórí àléfà ní 120,433. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16 ni Fáyóṣé mú. Ìgbà náà ni gbogbo Nàìjíríà kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun, "stomach infrastructure", ìyẹn pé kí ìjọba tọ́jú ikùn aráàlú. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Fáyẹmí la ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò ṣe é sè. Fáyóṣé gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ra, ó yan olùrànlọ́wọ́ pàtàkì fún un, nígbà tí ọdún Kérésì sì dé, ó pín adìẹ àti ìrẹsì. Òun náà mọ fọ́tò búkà yẹn í yà dáadáa. Ẹ kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ẹ má sẹ́.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 14 Oṣù Keje 2018, Fáyẹmí padà dé pẹ̀lú ìbò 197,459, ẹni tí Fáyóṣé fà kalẹ̀ sì ní 178,121. Èkìtì kan náà ni. Ẹnu tó jẹ adìẹ lọ́dún 2014 ni. Orin tó gba ìgboro lọ́tẹ̀ yìí ni "dìbò, kí o sebẹ̀", owó ló sì wà nínú orin náà, kò sí adìẹ níbẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ní ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ó jọ pé ẹ gba òwe yẹn gbọ́ jù. Ẹnu lè má lè sọ òdodo ní gbangba, ọwọ́ ló ń tẹ̀ka, ẹ ò sì sí níbi ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹ wá jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan nípa Èkìtì. Iyán ni Èkìtì ń jẹ. Gbogbo ayé mọ̀. Kí ló dé tí ẹ kì í pín iṣu? Iṣu ni ẹni tó bá fẹ́ kí inú ará Èkìtì dùn ì bá gbé wá. Ṣùgbọ́n iṣu ń jẹrà, kò ṣe é wọ̀n sí kóńgò, kò sì síbi tí ẹ fẹ́ lẹ fọ́tò olùdíje mọ́ lára rẹ̀. Ìrẹsì ló wọ àpò, tó ṣe é kà, tó ṣe é tọ́jú títí di àṣálẹ́ ọjọ́ ìbò, tó ṣe é pín sí kéékèèké nínú ọ̀rá, tí ẹ lè tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sí gbàgàdà. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn ìrẹsì, ẹ̀yin òṣèlú. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣèwádìí oúnjẹ tí òṣèlú ń mú èèyàn fẹ́, kó wá bi yín, kó má wulẹ̀ lọ sọ́dọ̀ olùdìbò.

Ìfẹ́ náà ti pẹ́. Kí ọdún 1970 tó dé, oúnjẹ ọdún àti ti ọjọ́ Àìkú ni ìrẹsì jẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ọmọdé ń ka ọjọ́ sí i. Ìgbẹmọ ní Èkìtì ń gbin tirẹ̀, Ọ̀fadà ń gbin tirẹ̀, kò tíì di ohun tí à ń jẹ lójoojúmọ́. Owó epo rọ̀bì ló mú ti òkèèrè dé tìrìgàngàn. Nígbà ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari (1979 sí 1983), ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Ààrẹ kalẹ̀ lórí ìrẹsì, Umaru Dikko ló sì wà nídìí rẹ̀. (Òun náà ni Dikko tí wọ́n jí gbé, tí wọ́n wá bá nínú àpótí ní pápákọ̀ òfuurufú Stansted nítòsí London ní Oṣù Keje 1984. Ọ̀rọ̀ ìrẹsì ti gbé èèyàn jìnnà.) Láyé ìgbà náà, ẹni tó súnmọ́ ẹgbẹ́ ló ń rí ìwé àṣẹ láti kó ìrẹsì wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà tó rántí: kò sẹ́ni tó ń bi yín bóyá ẹ fẹ́ràn ìrẹsì. Ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ ni wọ́n ń bi yín.

Ìbéèrè yẹn kò tíì kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 29 Oṣù Karùn-ún 2023, ìjọba àpapọ̀ ní òun máa fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù márùn-ún náírà kí wọ́n fi ra àpò ìrẹsì 100,000 àti àpò àgbàdo 40,000. Ìrànwọ́ tí gbogbo wa ń pè ní palliative nìyẹn. Ẹ béèrè ládùúgbò yín bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Ládùúgbò tèmi, alága wọ́ọ̀dù ló mú ìwé orúkọ dání, ìwé náà sì jọ ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ bí ìbejì. Opó kan tó wà lójúlé kejì sí wa, tí kò lọ ìpàdé ẹgbẹ́ kankan rí, kó abọ́ rẹ̀ lọ, ó sì gbé e padà lófìfo. Ohun tí mò ń sọ pé ẹgbẹ́ ń ṣe sí oúnjẹ nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ àgbàdo wá kù. Ní 29 Oṣù Kẹta 2021, níbi àpérò ọjọ́ ìbí Aṣíwájú Bọ́lá Tinúbú tí wọ́n ṣe ní Kánò, ó ní kí ìjọba gba 50 mílíọ̀nù ọ̀dọ́ sí iṣẹ́ ológun, pé ohun tí wọ́n máa jẹ, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, iṣu, ilẹ̀ wa níbí ló máa hù. Agbẹnusọ rẹ̀ ní 50,000 ló ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ náà ti fò. Nígbà tí ìbò 2023 fi máa dé, "àgbàdo" ti di orúkọ tí wọ́n ń pe ẹnikẹ́ni tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí Twitter, àwọn kan nínú àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ náà sì fi ń ṣe oríkì. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i kí oúnjẹ di káàdì ẹgbẹ́ nílẹ̀ wa lóòótọ́. Kò sì sí èèyàn kan lápá méjèèjì tó yí ohun tó ń jẹ padà! Ọmọ Obidient, ìyẹn alátìlẹ́yìn Peter Obi ti Labour Party, ń mu ògì láàárọ̀, ó ń bú àgbàdo lọ́sàn-án.

Èébú náà ríbi dúró sí nítorí pé a ti to oúnjẹ sípò kí ẹgbẹ́ kankan tó dé. Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹ rí i pé àgbàdo ló wà nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá pe ẹnìkejì ní àgbàdo, ohun tó ń sọ ni pé òtòṣì ni ọ́, ohun tí wọ́n bá jù sí ọ ni o máa jẹ. Ohun tó sì dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ní Oṣù Kẹfà 2024, ìwọ̀n tí owó oúnjẹ fi lé láàrin ọdún kan dé 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún lójú ìwé àjọ tó ń ka ìṣirò fún ìjọba, ìyẹn NBS. Ìyá tó bá fi igbe ta pé kóńgò ẹ̀wà ti kọjá agbára òun, ẹ̀gbẹ́ kan á ní ṣebí ìwọ lo dìbò fún àgbàdo, ẹ̀gbẹ́ kejì á ní alátakò ni ọ́, o fẹ́ ba ìjọba jẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn lórí ẹ̀wà.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní Brazil, nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ Ààrẹ Dilma Rousseff lọ́dún 2016, àwọn tó ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ ń pe àwọn tí kò fẹ́ ẹ ní coxinha, ìyẹn ìpanu dídín tí wọ́n fi ẹran adìẹ sínú rẹ̀. Àwọn yẹn náà ń pe wọ́n ní mortadela, nítorí wọ́n ní búrẹ́dì àti ẹran mortadela ni wọ́n fi ń háyà wọn wá sí ìwọ́de. Ẹ gbọ́ ọ? "Wọ́n ti gba ìrẹsì" ni àwa ń wí níbí. Wọ́n tiẹ̀ gbé ògiri irin dúró ní Brasília láti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí àwọn aṣòfin dìbò. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Goya, àwọn tó ń ta ẹ̀wà inú agolo, yin Trump ní Oṣù Keje 2020. Àwọn kan ní àwọn ò ra Goya mọ́, àwọn kan sì lọ ń rà á jọ bí ẹni pé ogun ń bọ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ìwé ọjà wò, wọ́n rí i pé títà rẹ̀ gòkè ní bíi ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ kò ju ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta lọ tó fi padà síbi tó wà. Bí ẹgbẹ́ bá tiẹ̀ lè yí ọwọ́ tí ń ra ẹ̀wà padà ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń jà tó bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni.

Ohun tí mo wá tọrọ kò pọ̀. Èkíní, ẹ jẹ́ kí olùdíje yín jẹun bó bá wù ú, àmọ́ kó san owó oúnjẹ rẹ̀, kó sì fi ẹnu tó ń jẹun bi olóúnjẹ ní nǹkan. Kó bi í pé èló ni wọ́n ń ta àpò èlùbọ́ báyìí, èló ni ọkọ̀ gbà láti Ṣakí, níbo ni wọ́n ti dá ọkọ̀ náà dúró lójú ọ̀nà, ta ni wọ́n fún lówó, èló ló ń ná lórí gáàsì tàbí èédú lọ́sẹ̀ kan. Ìdáhùn rẹ̀ ni kí ẹ kọ sínú ìwé ètò yín. Mo ti ka díẹ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ wà nínú gbogbo wọn, iye owó kò sí nínú ọ̀kankan.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ tí ẹ gbà síṣẹ́ orí ayélujára pé kí wọ́n yé fi àgbàdo bú èèyàn, kí wọ́n má sì fi í ṣe oríkì. Mi ò retí púpọ̀ lórí èyí, ọ̀fẹ́ ni èébú.

Èyí tó ká mi lára jù lọ nìyí. Ẹ gba ìwé orúkọ ìrànwọ́ lọ́wọ́ alága wọ́ọ̀dù. Ìgbàkígbà tí ìjọba bá tún fẹ́ pín oúnjẹ, yálà ẹgbẹ́ yín ló wà níbẹ̀ tàbí òmíràn, kí wọ́n lẹ orúkọ gbogbo ẹni tó máa gbà á mọ́ ara ògiri ìjọba ìbílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ládùúgbò ládùúgbò, kí ẹni tí wọ́n fò lè sọ̀rọ̀. Kí fọ́tò gómìnà àti ti ìyàwó gómìnà kúrò lára àpò. Owó wa ni wọ́n fi rà á. Òfin Ìdìbò sì ti ka fífi ẹ̀bùn ra ìbò sí ẹ̀ṣẹ̀, kò sí ìdí tí èmi yóò fi máa kọ́ ẹ̀yin amòfin inú ẹgbẹ́ ní ohun tí ẹ mọ̀.

Ẹ ó ní alátakò yín máa jẹ nínú rẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀, ó ti ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìyàwó alága wọ́ọ̀dù yín ń bun àbúrò rẹ̀ nínú tirẹ̀, àbúrò náà kò sì dìbò fún yín rí.

Èsì yín ni mò ń retí, kí ó jẹ́ lórí ìwé, kí orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i hàn dáadáa.

Èmi ni tiyín,
Olùdìbò kan ní Ìbàdàn